Ìkókó Inú Àká

Ìyàwó mi kì í da nǹkan nù. Bí ẹ bá wọ ilé wa ní Bẹyẹrúnká, ẹ ó rí agolo mílíìkì tó kún fún bọ́tìnnì, ẹ ó rí páálí bàtà tó kún fún okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lẹ bébà mọ́ lára, tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún tó kó o síbẹ̀. Agolo bísíkíìtì kan tiẹ̀ wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù tó kọ ojú bébà rẹ̀ sí ògiri, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ agolo títí ó fi sú mi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì mọ ìwọ̀n pàǹtí tí ilé kan lè gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá wá abẹ́rẹ́ tí mi ò rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo máa ń lọ, yóò sì rẹ́rìn-ín sí mi dáadáa kó tó ṣí agolo.

Louisa Mojọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Òkè Bọ́lá ni, ọmọ àwọn Áńgílíkà tó ń fi aṣọ funfun tẹ́ tábìlì oúnjẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi Ezekiel Oyèdélé, ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, inú agboolé tó kún fún ewúrẹ́ àti ariwo ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un wálé, ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọwọ́ yìí ò tíì gún nǹkan rí." Òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ tí ọwọ́ náà mọ̀ ni páálí lílu. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Dùgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára páálí pẹlẹbẹ, tí kọ̀ǹpútà tó tóbi tó yàrá wa yóò wá máa ka àwọn ihò náà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni ihò lè sọ.

Ó ní, "Wọ́n ń sọ ẹni tó ra nǹkan, ohun tó rà, ibi tó ti rà á, àti ìgbà tó rà á. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, kò sí ohun tí ẹ ò lè béèrè."

Mo rò pé ó ń ṣakọ fún mi ni. Mo ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bí ilé Ìbàdàn ṣe rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n bí kí ìyàwó tó wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí kò tíì léhín, ọkọ ìyàwó ni, ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Àbúrò mi obìnrin, Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ ni Mojọlá ń pè é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè é ní Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní Bertha, bàbá wa ń pè é ní Àjọkẹ́, nígbà tó sì bí ìbejì, gbogbo Ọjà'ba ń pè é ní Ìyá Táíwò. Mojọlá rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ òun bá wọ agboolé wa, ilé kò ní gba àwọn èèyàn tí yóò kà, bẹ́ẹ̀ Bertha nìkan ló jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, nínú ọyẹ́, oyún àkọ́bí wa ti pé oṣù rẹ̀. Mojọlá lọ ra aṣọ ọmọ ní Ògùnpa, ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú un. Àwọn olóòótọ́ èèyàn gbé e wọ ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lẹ́yìn ọjà, ti obìnrin Aládùúrà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Eunice, ibẹ̀ ló sì bímọ sí láyọ̀. Obìnrin ni. Irun rẹ̀ pọ̀, ó sì di ìka mi mú bí ẹni pé ó ti ń retí mi tipẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì lórúkọ láàárín wa. Ìkókó ni gbogbo ayé ń pè é, Ìyá Ìkókó ni wọ́n sì ń pe ìyá rẹ̀. Mo ti mú orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọ́, mo fi sínú, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ọyẹ́ ọdún náà le púpọ̀. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ọmọ náà lọ.

Àwọn àgbà ló wá gbé e. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n fi ìfẹ́ sọ ọ́, mo mọ̀, agbè náà kò sì fọ́ lóòótọ́, nítorí Olúdayọ̀ dé, Bọ́lánlé sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Èmi mọ omi tó dànù. Ó ní ìka.

Wọ́n ní kí á má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, a ò sì sọ ọ́. Nígbà tí a bí Bọ́lánlé, ìyá mi ní Olúbùnmi ni kí á pè é, mo kọ̀ jálẹ̀. Ìyá mi bínú sí mi fún ìgbà pípẹ́. Mojọlá bi mí pé kí ni orúkọ náà ṣe, mo ní Bọ́lánlé ló wù mí jù, kò sì béèrè mọ́.

Báyìí la ṣe ń bá ayé lọ títí ọdún 1993. Nígbà náà, páálí oníhò ti kásẹ̀ nílẹ̀, kọ̀ǹpútà ti kéré débi tí èèyàn lè gbé e sórí tábìlì. Àwọn dókítà kan gba ofíìsì nísàlẹ̀ òkè Mápó, wọ́n ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gba Mojọlá. Olórí wọn ni Dókítà Olúsànyà, ọkùnrin onísùúrù kan tó kàwé lókè òkun, tó sì mọ̀ ọ́n kí àgbà. Wọ́n fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké àárín ìgboro wá sójú kan, ti Bẹẹrẹ, ti Ìsàlẹ̀ Òsì, ti Ògùnpa, láti ogún ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń pa aboyún àti ọmọ wọn.

Ìyàwó mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ tuntun bọ̀ wálé. Ó ní wíàháòsì ni àwọn òyìnbó ń pe ilé àkọsílẹ̀ tí àwọn ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní wíàháòsì tí èmi mọ̀ ni ibi tí wọ́n ń to sìmẹ́ǹtì sí.

"Ẹ gbà pé àká ni," ó ní. "Àwọn ilé ìgbẹ̀bí ni oko. Oko kì í dúró sójú kan, òní ni wọ́n ń gbìn, ọ̀la ni wọ́n ń hú. Ẹ ò lè dá àgbẹ̀ dúró lórí ebè kí ẹ máa bi í léèrè àgbàdo ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àká lẹ ó lọ wò."

"Ẹ̀yin wá lẹ ń ru ú láti oko."

"A ń ya á lóko, a ń bó o, a ń fẹ́ ẹ, a ń ṣa òkúta inú rẹ̀, ká tó gbé e wọ àká. Ibi òkúta yẹn ni wàhálà wà."

Mo ní tèmi, àgbàdo jíjẹ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ o, nítorí inú mi dùn láti rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń tàn. Ó sọ fún mi pé kí wọ́n tó gbé nǹkan kan wọ àká, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ohun tí horo kan jẹ́. Ní tiwọn, ìbí kan ni horo kan. Bí èèyàn bá tọ́jú horo, ó lè dì í ní apẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́, kó ní ti ọdún báyìí tó báyìí, ti àdúgbò báyìí tó báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iye apẹ̀rẹ̀ nìkan ló kọ sílẹ̀, kò ní rí horo mọ́ láéláé. Bí ẹni tó ń tọ́jú aboyún bá sì wá, wọn kì í ní kó gbé gbogbo àká lọ sílé, igbá kékeré ni wọ́n ń bu tirẹ̀ sí. Wọ́n tún ń lẹ bébà mọ́ gbogbo nǹkan lára, tó ń sọ ibi tó ti wá àti ohun tó túmọ̀ sí. Níbi tó dé yìí, mo bojú wo agolo bọ́tìnnì, mo ní ó ti rí iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún.

Òfin kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọn kì í pa nǹkan rẹ́ nínú àká. Bí obìnrin bá lọ́kọ tí orúkọ rẹ̀ yí, orúkọ àná yóò dúró pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, wọn yóò kọ tòní sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. "Àká mọ ẹni tí èèyàn jẹ́ nígbà gbogbo," ó ní, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wàhálà tó dé bá wọn nídìí òkúta ṣíṣà ni ti orúkọ. Obìnrin kan á jẹ́ Lucy ní ilé ìwòsàn ìjọ, á jẹ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì ní Bẹẹrẹ, á tún jẹ́ Àdùkẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ gbogbo ofíìsì lójú, àfi Mojọlá tó ti gbé nínú agboolé wa. Ó jókòó, ó rántí Bertha, ó sì ṣe òfin fún kọ̀ǹpútà náà, bí yóò ṣe máa kó orúkọ púpọ̀ jọ sí ara ẹnì kan. Ó tún fi òfin mìíràn kún un: bí orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, ilé ìgbẹ̀bí àti ọdún bá dọ́gba, ẹnì kan náà ni, wọ́n kàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, kí ẹ̀rọ náà kó wọn pọ̀. Dókítà Olúsànyà yìn ín lójú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ náà ó ra mọ́ínmọ́ín bọ̀ fún wa.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé orí ìwé Ògùnpa, ó tẹ àbọ̀ jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ofíìsì lọ́jọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń ka bébà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ kan ń bẹ ní Ògùnpa lọ́dún 1974 tó ń jẹ́ Ìkókó, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ìyá Ìkókó, wọ́n bí i lóṣù kìíní, wọ́n tún un bí lóṣù kejì, wọ́n ń bí i lọ títí ọdún fi parí. Ó tún padà wá lọ́dún 1975. Gbogbo ofíìsì rẹ́rìn-ín, Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mojọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ bí Màmá Eunice ṣe ń kọ̀wé. Bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ á mú orúkọ padà wá, Màmá Eunice á sì fi orúkọ náà rọ́pò Ìkókó nínú ìwé. Èyí tó bá ṣì ń jẹ́ Ìkókó lẹ́yìn ogún ọdún, kò sí ẹni tó mú orúkọ rẹ̀ padà wá.

"Ẹ yọ wọ́n kúrò, Màmá Dayọ̀," Dókítà ní. "Ìdọ̀tí dátà ni. Wọn ò lórúkọ, wọn ò ní ìyá tí a lè tọ́ka sí. Àwọn tó rán wa níṣẹ́ ń retí ripọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó wo bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì ń bọ̀ wálé.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a nígbà tí mo ti ilé ìwé dé. Ó jókòó sórí àpótí, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Mojọlá, kí ló dé?"

"Mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Ọmọ wa," ó ní.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí àwọn àgbà ti gbé ọmọ náà jáde, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó pè é ní ọmọ wa létí ara wa. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní òun fúnra òun lọ wo ìwé Màmá Eunice, ọmọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí i: Ìkókó, obìnrin, Ìyá Ìkókó, bàbá rẹ̀ tíṣà Bẹyẹrúnká.

"Èmi ni mo ṣe òfin tó rọ́ gbogbo wọn pọ̀ di ẹnì kan," ó ní. "Èmi náà ni wọ́n ní kí n gbá wọn dànù. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n ó da ọmọ wa nù nìyẹn o, Bàbá Dayọ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ ohun tí wọ́n fi kọ́ mi, mo ní, "Àwọn àgbà ní ká gbàgbé."

"Ṣé ẹ̀yin ti gbàgbé?"

Mo bọ́ bàtà rẹ̀ fún un. Mo wá bi í pé kí ló fẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà wọlé sínú àká, kì í sì í ṣe ọmọ wa nìkan, gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀. Mo ní bí wọn ò bá gbà ńkọ́? Ó ní òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Mo sì mọ̀ pé yóò ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọ̀dọ̀ Dókítà Olúsànyà. Ó ní, "Dókítà, òfin mi kò dára. Orúkọ ni mo gbé e lé, àwọn ọmọ yìí ò sì tíì dé ibi orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ ìbí àti agboolé bàbá wọn yà wọ́n sọ́tọ̀."

Dókítà ní kò sáyè, ọjọ́ Ẹtì ti dé tán. Ó ní ọmọ tí kò lórúkọ, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kó o sínú dátà?

"Ìbí kan, horo kan, bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ wa, sà. Ẹ ò sọ pé orúkọ kan, horo kan. Wọ́n bí wọn. Wọ́n bí èyí kan lójú mi."

Dókítà wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, kò sì béèrè èyí tí wọ́n bí lójú rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó, ó mú bébà náà, ó tún un kà láti òkè wá sísàlẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí àwọn bá yọ wọ́n kúrò, àká àwọn á máa sọ fún ìjọba pé kò sí ọmọ Ìbàdàn kan tó ń kú ṣáájú ọjọ́ kẹjọ, òun ni yóò sì fọwọ́ sí i. Ó gbé tẹlifóònù, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó rán wọn níṣẹ́. Òun àti Mojọlá ni wọ́n jọ jókòó ti ìwé Ògùnpa, òun ń kà, Mojọlá ń tẹ̀, bí iná bá lọ, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á máa kà á lọ.

Nígbà tí gbogbo Ìkókó ti wọ àká tán, ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n kó jọ, wọ́n bi àká náà léèrè pé oṣù wo ni wọ́n ń lọ jù. Ó dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀: oṣù ọyẹ́, ọdọọdún. Òtútù ni. Àwa a máa wẹ ọmọ láàárọ̀ kùtùkùtù nínú ọyẹ́, a ní ó ń jẹ́ kí egungun rẹ̀ le. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé, wọ́n ti lọ bá àwọn ìyá àgbẹ̀bí, wọ́n ní kí wọ́n má tètè wẹ ọmọ, kí wọ́n jẹ́ kó sùn lórí àyà ìyá rẹ̀, kí wọ́n fi kúbùsù bò ó. Mojọlá gan-an ló lọ sí Ògùnpa. Màmá Eunice ti darúgbó nígbà náà. Ó di ọwọ́ ìyàwó mi mú, wọ́n jọ sunkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ ò sí nílé. Mojọlá ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, mo jókòó tì í.

"Ìkókó wa tó wà nínú àká yẹn," mo ní, "ṣé Ìkókó náà ni yóò máa jẹ́ lọ?"

"Àfi bó bá ní orúkọ mìíràn. À ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀."

"Ó ní orúkọ," mo ní. "Olúbùnmi ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ohun tí ẹ ṣe kọ̀ fún Màmá nìyẹn," ó ní, "nígbà Bọ́lánlé."

"Orúkọ náà ti ní ẹni tó ni ín."

Ó sunkún, èmi náà sì sunkún, ọkùnrin àádọ́ta ọdún ó lé, ojú ò tì mí. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gun àga, ó gbé agolo bísíkíìtì sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣe bí owó ló wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Fìlà ọmọ kan ni, aláwọ̀ ìyeyè, èyí tó rà ní Ògùnpa lọ́jọ́ tí ìrọbí mú un. Bébà ara agolo náà ti pọ́n: *Ìkókó, 1974*.

Ó ní òun á bá Dókítà sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé nípa ti inú àká, ṣùgbọ́n agolo ò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ó mú bírò, ó kọ Olúbùnmi, ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni kí òun kọ sí i.

"Kọ ọjọ́ kẹjọ rẹ̀," mo ní.

Ó mi orí. "A ò sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ náà, Bàbá Dayọ̀. Òní la sọ ọ́."

Mo lọ sí kíṣìnnì, mo bu oyin àti iyọ̀ sínú àwo kékeré. A tọ́ ọ wò, èmi àti òun, a sì pe orúkọ náà sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló kọ ọjọ́ òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúbùnmi, nísàlẹ̀ ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò pa Ìkókó rẹ́.